Mo Parọ́ Pé Ìwé Máa Ń Da Orí Ọmọ Rú

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ náà ti ju ohun tí mo lè dá gbé lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa, kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ ní Kemta. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣẹ̀rífátù. Ìyá ẹ̀ ń ta aṣọ, kò kàwé rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti ka ìwé kíláàsì wa tán kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. Á wá bá mi nídìí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yá mi ní ti àwọn kíláàsì karùn-ún."

Ó sì ń kà á geere.

Káyọ̀dé, ọmọ tèmi, wà ní kíláàsì kan náà. Kò tíì lè ka gbólóhùn kan kó má há sí i lẹ́nu. Tísà ni mí, tísà ni ọkọ mi. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Ṣẹ̀rífátù kàwé fún gbogbo wa ní asẹ́ńbílì, ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bú. Ó yẹ kí n yọ̀. Inú ló ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá ẹ̀ wá bi mí bóun ṣe lè ran ọmọ náà lọ́wọ́, bóyá kóun máa ra ìwé fún un l'Ókè-Ìléwó. Mo ní kó ṣọ́ra. Mo ní ìwé tó bá ju ọjọ́ orí ọmọ lọ máa ń da orí ọmọ rú, pé mo ti rí i rí. Irọ́ ni. Mi ò rí i rí.

Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ọmọ náà á kàn dẹwọ́ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba ìyá ẹ̀ gan-an. Ó kó gbogbo ìwé kúrò nílẹ̀, ó sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Kọ́bapẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀ lè sinmi. Wọ́n ní tó bá yá, á padà sílé-ìwé. Kò padà. Oko ló ń bá ìyá àgbà lọ, nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gààrí létí títì. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́.

Ní Jímọ̀ tí mo wí yẹn, ìyá ẹ̀ wá sílé mi. Ó mú àbúrò Ṣẹ̀rífátù dání, ọmọ kékeré tó ń ka ohunkóhun tójú ẹ̀ bá ti bà. Ṣẹ̀rífátù fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó ti di ọmọge. Ìyá kọ́kọ́ dúpẹ́ pé mo kó àkọ́bí òun yọ lọ́wọ́ wèrè. Ó wá ní kí n bá èyí náà sọ̀rọ̀, kó fi ìwé sílẹ̀.

Mo ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kó máa kà. Kí wọ́n wá ìwé tó le díẹ̀ fún un, kí ẹnìkan máa jókòó tì í, kó máa bi í léèrè ohun tó kà.

Ìyá wò mí. Ó ní, "Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá ńkọ́, tísà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Mo ní, "Ọpọlọ tèyí lágbára ju ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ."

Ṣẹ̀rífátù ò jiyàn. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ ṣé mà," ó sì fa àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́ jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ lọ bá a ní Kọ́bapẹ́. Ẹnu wo ni kí n fi sọ fún un pé kò sóhun tó ṣe orí ẹ̀ rí?