Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Táyà Bọ́ọ̀sì Ìjọ

Wọ́n ti kọ orúkọ ọkùnrin kan sínú ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ní ìjọ wa ní Ìlọrà. Yóò dìde níwájú gbogbo ènìyàn, yóò sì jẹ́wọ́ irọ́ tí kò pa. Èmi ni mo pa irọ́ náà. Ọdún méjì ni mo fi gbé e mọ́ra.

Akọ̀ròyìn ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bi àwọn ẹlòmíràn léèrè òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ kà á tán ná.

Ẹ jẹ́ kí n pe awakọ̀ náà ní Súnkànmí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ, èmi sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì náà. Òfin kan ṣoṣo la fún un: ọwọ́ mítà kò gbọ́dọ̀ kọjá ọgọ́rin. Ó ń pa òfin náà mọ́ débi pé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́jẹ́.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ìgbín ti kọjá wa o!"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ lọ wọ ìgbín."

Bó ṣe máa ń dá wọn lóhùn nìyẹn, kò sì ní fi kún eré.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òjò ba ọ̀nà tó lọ sí ìjọ kékeré tí a dá sílẹ̀ lẹ́yìn Akínmọ̀ọ́rìn jẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ni ikùn bọ́ọ̀sì ń ha òkúta. Mo rò ó pé bí táyà bá ga, bọ́ọ̀sì náà á ga. Súnkànmí ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. N kò dúró dè é. N kò sọ fún ìgbìmọ̀. Mo wa bọ́ọ̀sì lọ sí Fìdítì, sọ́dọ̀ fọ́kanáísà kan tó ti ń lẹ táyà fún mi láti ọjọ́ pípẹ́. Múfú ni mo máa pè é níbí.

Múfú wo táyà tí mo nawọ́ sí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti jíìpù nìyí. Ìwọ̀n tó bá bọ́ọ̀sì yín mu ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn awakọ̀ yẹn."

Mo ní, "Ṣé kò ní wọ̀ ọ́ ni?"

"Á wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ kékeré náà ń wọ bàtà ńlá. Ṣé èèyàn lè fi sáré ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní bí ẹrù bá pọ̀, tí a sì yí sítíárìn dé òpin, táyà náà yóò máa ha inú fẹ́ńdà. Ó ní bọ́ọ̀sì yóò máa fì níbi kọ́nà, bíréèkì kò sì ní tètè mú un. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí n kò lè gbàgbé: "Mítà kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò o. Iye ìgbà tí táyà yí ló ń kà. Táyà ńlá, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tó jẹ ju ti kékeré lọ. Mọ́tò á máa sáré, mítà á ní kò sáré. Ẹ sọ fún awakọ̀ yín."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó wá rìmù tó gbà á, ó dè é. Mo gbé àwọn táyà àtijọ́ pa mọ́ sẹ́yìnkùlé mi.

Súnkànmí dé ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè ìjọ kékeré náà. Ó yí bọ́ọ̀sì náà ká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni pé bọ́ọ̀sì yìí ga sí i."

Mo ní, "Táyà tuntun ni. Kò tíì jẹ ni."

Ó gbà mí gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Ojú tì mí láti sọ pé mo dá ṣe é láìfi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́.

Wọ́n lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn láyọ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án, ènìyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú bọ́ọ̀sì, iṣu ìkórè sì kún ẹ̀yìn. Níbi kọ́nà kan lójú títì, kí wọ́n tó wọ Ìlọrà, sítíárìn há mọ́ Súnkànmí lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì náà já sínú kòtò, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n tíṣà obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn di òní.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní àwọn yóò wá yẹ bọ́ọ̀sì náà wò ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní ọgbà mẹ́káníìkì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ dáadáa, mo ti wà ní Fìdítì. Mo fi ọ̀kadà gbé Múfú wá, mo kó àwọn táyà àtijọ́ jáde, a sì dè wọ́n padà. Mo sọ fún mẹ́káníìkì pé ìjọ fẹ́ tọ́jú táyà tuntun rẹ̀ kí wọ́n má baà jí i.

Múfú béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ sọ fún awakọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní mo sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìjọ ṣe ìpàdé. Tíṣà wá tòun ti ẹsẹ̀ tí wọ́n dì. Ó ní, "N kò bá Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣọ̀tá. Àwòrán ọ̀nà tó máa ń ka eré mọ́tò ni mo ṣí sórí fóònù mi. Kí a tó dé kọ́nà, ó ń ka méjìdínláàádọ́rùn-ún."

Súnkànmí ní, "Tíṣà, ọgọ́rin ni ọwọ́ mítà wà. Mo fi ọmọ mi búra. Ẹ lọ wo táyà yẹn, nǹkan kan ń ha á."

A lọ wò ó lóòótọ́. Díákónì kan bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ara táyà, ó ka ti ara ilẹ̀kùn. Méjèèjì bára mu. Ojú ibi tí táyà ti ha inú fẹ́ńdà ṣì wà níbẹ̀ kedere, wọ́n ní ìṣubú bọ́ọ̀sì ló ṣe é. Súnkànmí ń wo táyà náà bí ẹni tó rí iwin. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Mo bojú wo ilẹ̀.

Ìjọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìbáwí. Pásítọ̀ ní kì í ṣe nítorí eré tó sá, bí kò ṣe nítorí irọ́ tó fi ọmọ búra lé lórí. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìbáwí, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ọjọ́ tó bá jẹ́wọ́ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Súnkànmí ní òun kò ní jẹ́wọ́ ohun tí òun kò ṣe. Ọdún méjì ló fi jókòó síbẹ̀.

Èmi ni mo kọ ìròyìn ìjàǹbá náà fún ìwé ìròyìn wa. Mo fi ọ̀rọ̀ tíṣà sí i. Mo yọ ọ̀rọ̀ Súnkànmí kúrò. N kò ṣe irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó. Ọmọ tó fi búra yẹn ni. Ní ìjọ wa, baba tó wà lábẹ́ ìbáwí kò lè mú ọmọ rẹ̀ wọ inú ìsìn wá fún ọkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Nítorí ọmọ yẹn ni."

Ní àná, mo lọ bá Pásítọ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé mi, mo ṣí tapólì kúrò lórí àwọn táyà ńlá náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, mo ti dé iwájú ilé Súnkànmí lẹ́ẹ̀mejì láti àná, mo sì padà. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un? Kí ni kí n sọ fún tíṣà tó ń fi ọ̀pá rìn? Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é.

Ohun tí Pásítọ̀ sọ ni pé àwọn díákónì yóò jókòó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní agogo méjì ọ̀sán. Múfú yóò wá, táyà yóò wà nílẹ̀. Wọn yóò kọ lẹ́tà sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó pé ohun tí wọ́n yẹ̀ wò kọ́ ni ohun tó wà lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Àìkú, orúkọ mi ni wọn yóò pè dípò ti Súnkànmí, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yóò sì di tèmi. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Bí agogo méjì ọjọ́ Àbámẹ́ta bá lù tí ẹ kò tíì lọ, èmi fúnra mi ni màá lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀."