Ìmọ́lẹ̀ Inú Ojú Kozue

Ojú rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́, ẹ má bu tíì kankan fún mi, mi ò mu, ẹ máa bó èso yín lọ, ẹ máa so wọ́n rọ̀ kí wọ́n gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi, nítorí láti Tokyo ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé Himi níbí, obìnrin tó jókòó tì mí ń wò mí pé kí ló ṣe eléyìí tó ń dá sọ̀rọ̀. Kuramochi ti pa mí. Ọ̀gá mi, ẹni tí mo fi ọdún méjìlá bá ṣiṣẹ́, tí mò ń bá kun ojú gbogbo èèyàn inú ìwé ìtàn aláwòrán rẹ̀, ó ti pa mí.

Ẹ ní kí n mí. Mo ń mí.

Ẹ ṣáà mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, ọ̀gá kì í gbé ojú fún ọmọọṣẹ́. Ọmọọṣẹ́ lè ya ilé, kó ya igi, kó ya òjò, kó kun aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ni ojú, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Kuramochi ò sì mọ ojú ún yà. Ìtàn dùn lẹ́nu rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bó bá ya ojú, bí ojú ẹja tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí yìnyín ni. Ó bá gbé e fún mi ní bòókẹ́lẹ́, mo sì gbà. Ṣé mo ní kó kọ orúkọ mi sí i? Mi ò bèèrè, torí náà ẹ má rò pé orúkọ ló ń dùn mí.

Kozue ló ń dùn mí. Ọmọ ọdún méje inú ìtàn yẹn, tó ń bá bàbá àgbà rẹ̀ tọ́jú ilé ìwẹ̀, tó ń to bàtà àwọn oníbàárà sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí Kuramochi kọ́kọ́ gbé àwòrán rẹ̀ fún mi láìtíì ní ojú, ọwọ́ mi ò bi mí léèrè, ojú Wakaba ló yà. Ojú ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé a kì í pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é lónìí. Wakaba. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó kú, Kozue sì jẹ́ ọmọ ọdún méje, mo wò ó pé ọdún tó kàn nìyẹn, ọdún tí kò dé.

Ẹ ò tíì rí bí mo ṣe ń kùn ún rí. Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni to bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra ni. Màá kọ́kọ́ tẹ́ àwọ̀ oyin tó dúdú sísàlẹ̀, màá wá jẹ́ kó ṣú lókè nítorí ìpéǹpéjú máa ń ṣíji bò ó, màá jẹ́ kó mọ́ nísàlẹ̀, màá fi pupa díẹ̀ sí igun ojú, torí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í funfun tán. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lórí gbogbo rẹ̀, lórí irun tó bò ó níwájú pàápàá, ni mo tó ń fi ìmọ́lẹ̀ funfun sí i. Ti àwọn ẹlòmíì máa ń rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Tèmi ní igun mẹ́rin, ìlà kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Fèrèsé ni. Fèrèsé yàrá ọsibítù yẹn, tí Wakaba máa ń kọjú sí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí mò ń rí nínú ojú rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kun fèrèsé yẹn sójú Kozue. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, fèrèsé wà níbẹ̀, bó bá ń sunkún, fèrèsé ń mì. Mo ṣáà ń rí i pé ó wà láàyè níbì kan, ó ń to bàtà.

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àfi Kuramochi. Èmi ni mo sọ fún un, níbi tí a ti jọ ń jẹun òpin ọdún, a jókòó yí ìkòkò ọbẹ̀ ká, mo sì tú gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sunkún sínú abọ́ rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí Tamaki, màá tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tèmi.” Bí ọmọ tèmi o, ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tó wá ní Kozue máa bá omi lọ nínú òtútù, mi ò bá a jà. Òun ló ni ìtàn, ọmọdé sì ń kú, ta ló tún fẹ́ kọ́ mi nìyẹn? Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí n pa á lójú dé. Ìlà kan péré ni, ìlà kan tó tẹ̀ díẹ̀. Ó ní rárá. Àṣà iṣẹ́ wa ni pé bí ẹni inú àwòrán bá kú, a ó yọ ìmọ́lẹ̀ funfun kúrò lójú rẹ̀, ojú á là sílẹ̀, á ṣókùnkùn, ẹni tó ń kàwé á sì mọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe fẹ́ ẹ, kó kún odindi ojú ìwé kan. Mo forí kanlẹ̀ níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Mo ní ọ̀gá, ìka méjì yìí ni mo fi pa ọmọ mi lójú dé, ẹ má jẹ́ kó tún là á. Ó ní, “Àǹtí Tamaki, àwòrán ni.” Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ì bá tiẹ̀ jágbe mọ́ mi.

Ẹ dúró, ẹ má tíì ṣépè fún un. Ẹ ò tíì bi mí pé ta ló yọ ìmọ́lẹ̀ náà.

Èmi ni. Mo fi ibojì ìyá wa búra, èmi ni. Kò fipá mú mi, ó ní bí mi ò bá lè ṣe é, òun á ṣe é fúnra òun. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo ro ojú ẹja tó máa fún ọmọ mi lọ́jọ́ ikú rẹ̀, mo ní ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Mo jókòó, mo yọ fèrèsé náà. Mo wò ó pé kò tíì tó, mo jẹ́ kí ìsàlẹ̀ náà ṣú, mo yọ pupa igun ojú, mo fi àwọ̀ eérú sí i. Ó sì dára. Ẹ̀gbọ́n mi, ó dára ju gbogbo ojú tí mo ti yà láyé mi lọ, mo fi ẹ̀yìn ti àga, inú mi dùn pé mo mọ iṣẹ́, kí n tó rántí ohun tí mò ń wò.

Lẹ́tà wá ń wọlé wìtìwìtì. Ẹnì kan ní òun sunkún nínú ọkọ̀ títí òun fi kọjá ibi tó yẹ kóun sọ̀. Kuramochi kó wọn wá fún mi bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dijú pé kí n rí Wakaba, èyí tí mo kùn ló ń wò mí. Mo wá ojú rẹ̀ gan-an, èyí tó wà kí n tó mú kálámù, mi ò rí i mọ́. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, mo gbà. Ó tún wá nù, ọwọ́ mi ló sì sọ ọ́ nù.

Ẹ má wo ọ̀bẹ, ẹ wò mí. Ẹ mọ ohun tí mo wá gbà. Gbogbo fọ́tò tó wà nílé mi, ẹ̀rín ló ń rín, ojú rẹ̀ ti pa dé pátápátá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó ti lajú wò wá, èyí tí a yà létí òkun níbí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ ní mò ń wò ó, mi ò jẹun. Ẹ ṣe é dáadáa, mi ò bá yín jà, ọdún mẹ́rìnlá rèé, mi ò bèèrè. Ẹ ní kí ni? Ẹ ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la? Rárá o, ẹ fi èso yẹn sílẹ̀, ẹ nu ọwọ́ yín, ẹ lọ mú un wá. Mo fẹ́ rí ojú ọmọ mi kí n tó gbàgbé pé kì í ṣe èmi ni mo yà á.