Òróró Tí Mo Ń Nù Kúrò Lára Bàtà Ọmọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogún ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò lè pa á mọ́ra mọ́, torí ní Sunday tó ń bọ̀, ìyàwó mi máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní kí n gbé ìgò òróró dúró ti òun.

Tóbi ọmọ wa fi hockey, eré onígi orí yìnyín, jẹun níbí ní Calgary. Iwájú ló ti ń gbá a. Tó bá ti gbéra lórí yìnyín, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń lé e máa ń rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, pẹ̀lú ara líle. Ìyá rẹ̀ ní òróró ló fún un ní eré ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Láti ìgbà tí Tóbi ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, á sì fi òróró àdúrà pa irin abẹ́ bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kì í jẹ́ kí òògùn yẹ̀ lákòókò, bẹ́ẹ̀ náà ni òróró. Kódà nígbà tí Tóbi ti kó lọ sí àdúgbò Copperfield, ó ṣì ń gbé bàtà náà wá sílé wa ní Whitehorn.

Èmi ni mo máa ń ru báàgì lọ sínú ọkọ̀. Ẹnjiníà ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé òróró á mú kí ọmọ yọ̀, kó sì fi orí gúnlẹ̀. Mo máa ń dúró ní gareji, màá nu irin náà mọ́ tónítóní.

Tí Tóbi bá gbá góòlù wọlé, ìyàwó mi á gbá mi léjìká: "Daddy Tóbi, ṣé ẹ rí iṣẹ́ òróró?" Màá ní mo rí i. Nínú ọkàn mi, mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún Tóbi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Daddy, I knew. Mummy gave me my own bottle. I always put the oil back on before the game."

Eérú ti tọ ẹni tó dà á. Òróró wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo ń fò sókè nítorí góòlù rẹ̀, kò sì ṣubú. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún ìyàwó mi kí Sunday tó dé ni, àbí kí n kúkú gbé ìgò náà, kí n sì ṣe Àmín ogún ọdún lẹ́ẹ̀kan náà?