Ìyá Tó Ń Bá Ọmọ Rẹ̀ Tẹ Ìpolówó

Nínú ọkọ̀ èrò tròtrò tó ń lọ sí Suame, lẹ́yìn mi gan-an, ni ọmọbìnrin kan ti ń bẹ ìyá rẹ̀.

"Màámi, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìpolówó orí ìkànnì oúnjẹ mi mọ́. Àwọn tó ń sanwó ẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á lé mi."

"Kí ni mo ṣe? Tí mo bá kírun àsùbáà tán, mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá asalátù náà ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹni tó ń polówó ò fẹ́ ká dá òun lóhùn ni?"

"Ẹ ò fẹ́ rajà, Màámi, ẹ kàn fẹ́ràn mi ni. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí ni wọ́n ń wá."

Ìyá náà gbọ́ ẹ̀rín mi, ó sì fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ìwọ, ṣé o mọ ọmọ mi yìí?"

"Rárá, mà."

"Alhamdulillahi. Mú fóònù ẹ jáde."