Mo Pa ‘Ìbẹ̀rẹ̀’ Àǹtí Ṣadé Rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Àná ni Àǹtí Ṣadé kọ iṣẹ́ tí mo bá wọn wá. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ ni mi ò fi lè dákẹ́ mọ́.

Ajah la ti jọ kọ́ èdè Asẹ́ńbílì, èdè kọ̀ǹpútà tó sún mọ́ èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbọ́. Kò tètè yé mi. Àǹtí Ṣadé ló jókòó tì mí.

“Àbúrò, àwọn ìlà kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rọ lò ń bá wí. Asẹ́ńbílà lò ń bá sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa fún ẹ̀rọ ni. Kọ .DATA, kó mọ̀ pé ibí ni ohun tí o fẹ́ lò wà. Kọ .CODE, kó mọ̀ pé ibí ni iṣẹ́ wà. Tó o bá parí, kọ END, kó o wá dárúkọ ibi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní, “Ìparí la ti ń dárúkọ ìbẹ̀rẹ̀ kẹ̀?”

“Ìwọ oníwàhálà yìí! Ṣáà kọ ọ́.”

IBERE ni wọ́n máa ń pe ibi ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn. END IBERE.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone wá ń wá ẹnì kan ṣoṣo. Àwa méjèèjì ló kù fún ìdánwò. Àǹtí Ṣadé parí ṣáájú mi, wọ́n dìde lọ kírun. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti purọ́ fún ìyá mi pé mo ti ríṣẹ́ ọ̀hún. Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà wọn. Mo pa IBERE rẹ́, mo fi END nìkan sílẹ̀.

Asẹ́ńbílà kò ráhùn. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní kí ètò Àǹtí Ṣadé ṣiṣẹ́, ìlà àkọ́kọ́ tó rí ló ti gbéra, níbi tí kò yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gan sójú gbogbo wa.

Ọ̀gá wo ìsàlẹ̀ ètò náà, níbi tí END wà. “Màdáámù, níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ ò sọ fún un.”

Àǹtí Ṣadé káwọ́ lérí. “Háà! Mo kọ ọ́. Àbí... mo rò pé mo kọ ọ́.”

Èmi ni ọ̀gá mú.

Àǹtí Ṣadé ò kọ ètò kankan mọ́ látìgbà náà. Ohun èlò ìkọ́lé ni wọ́n ń tà ní Lakowe báyìí. Àyè kan ṣí níbi iṣẹ́ wa, mo fi orúkọ wọn sílẹ̀, mo sì lọ bá wọn lánàá. Wọ́n mirí.

“Àbúrò, o ṣé. Ẹni tó gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ara ẹ̀, ṣé ẹ̀rọ olówó ńlá ló fẹ́ lọ bà jẹ́?” Wọ́n tún ṣàdúrà fún mi torí pé mi ò gbàgbé àwọn.

Mo wọkọ̀ padà sílé.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá máa fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà. Bí mo bá jẹ́wọ́, tèmi lè bọ́. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, onígbàgbé ni wọ́n á máa pe ara wọn títí. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀ níwájú wọn?

Àǹtí Ṣadé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á: ẹ ò gbàgbé. Ẹ kọ ọ́. Mo rí i.