Orí Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta Ni Fàrúkù Fi Í Sí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ìlú Ìlá, kí ẹ tó kan pátákó orúkọ yẹn mọ́ ara ògiri, ẹ gbọ́ èyí. Mo ti rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi orúkọ mi, Dáníẹ́lì Bámgbóyè, pe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ẹ kọ́ sínú ọgbà, nítorí pé mo jẹ́ ẹni tí kì í parọ́ lórí iṣẹ́. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, inú sì bí mi débi pé mo fẹ́ fa ìwé náà ya. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo bínú sí. Ẹni tó jókòó tó ń ka lẹ́tà náà ni mo bínú sí. Mo ti parọ́ lórí iṣẹ́ rí. Inú ọgbà yín ni mo ti pa irọ́ náà, ojú gbogbo yín ni mo ṣe é, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ kan bá ọ̀rọ̀ náà lọ, ọkùnrin kan sì pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Akọ̀wé yóò ka ìwé yìí láti òkè délẹ̀, èmi náà yóò sì wà níjòókòó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró.

Àwọn àgbà inú yín mọ bí mo ṣe kọ́ṣẹ́. N kò ní ọ̀gá. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ló ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, èmi náà a sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kà á, ìdáhùn mi kò sì pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí, mo ra mítà kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò kò mọ ohun tí mítà náà wà fún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹnu méjì kan wà tó ń padé tó sì ń là. Òun là ń pè ní kọ́ńtáàtì. Ìgbà tí ẹnu náà bá padé ni kọ́ìlì ń gba iná sínú. Ìgbà tó bá là ni kọ́ìlì ń ta iná náà sí púlọ́ọ̀gì. Bí ẹnu náà kò bá padé pẹ́ tó, iná á rọ. Bí ó bá padé pẹ́ jù, kọ́ìlì á gbóná kọjá ààlà, ọkọ̀ á sì kú sójú ọ̀nà. Bí ẹnu náà ṣe ń pẹ́ tó kó tó là ni mítà mi ń wọ̀n. Fún Píjò àtijọ́ tó gbòde nígbà náà, ohun tí ìwé sọ ni mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Gbogbo ọkọ̀ tí mo bá wọ̀n, mo máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. N kì í fo ẹyọ kan.

Fàrúkù kò ní mítà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi jìnnà sí tèmi lábẹ́ igi máńgòrò. Páálí ìṣáná ló fi ń wọn ẹnu kọ́ńtáàtì. Á ya etí páálí náà, á ki í bọ àárín ẹnu méjèèjì, á de síkúrù, á wá tẹ orí ba gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ìyá tó ń gbọ́ mímí ọmọ tó sùn. Kí ẹ tó mu omi tán, ó ti parí. Èmi a máa lo wákàtí kan. Mo kà á sí ìwà ọ̀lẹ. Mo kà á sí fífi epo ọlọ́kọ̀ ṣòfò, mo sì ń sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Fàrúkù làwọn ọlọ́kọ̀ ń lọ. Àlàbí, tó ń fi Píjò rẹ̀ kó èrò láti Ìlá sí Ọ̀rà àti Ọ̀tan, oníbàárà mi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bọ́ sọ́dọ̀ Fàrúkù, kò tún jẹ́ kí n sinmi. Bó bá ti rí mi tí mo tẹjú mọ́ mítà, á ní, "Bàbá Òṣùwọ̀n, kí ẹ̀rọ yín tó ronú tán, mo ti gbé èrò dé Ọ̀tan, mo ti jẹ iṣu níbẹ̀, mo ti padà." Gbogbo ọgbà á rẹ́rìn-ín. Fàrúkù nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á ní, "Àlàbí, fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ jàre. Ọ̀nà tiwọn náà dáa." Ẹ wò ó, mo lè fara da ẹ̀rín Àlàbí. Àánú Fàrúkù ni n kò lè gbé mì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Àlàbí gbé Píjò náà wá pé kí Fàrúkù pààrọ̀ kọ́ńtáàtì rẹ̀. Fàrúkù ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sọ páálí ìṣáná sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, òun àti Àlàbí sì gba mọ́ṣáláṣí lọ kí Jímọ̀ má baà kọjá wọn. Ọgbà dá. Mo gbé mítà mi, mo lọ sídìí ọkọ̀ náà. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé n óò rí nọ́ńbà burúkú kan, n óò sì gbé e síwájú àwọn méjèèjì bí wọ́n bá dé. Mo so ó mọ́ kọ́ìlì, mo tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ mítà gbéra, ó lọ dúró lórí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Kò gbọ̀n. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tún un tàn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Páálí ìṣáná ni ó fi ṣe é, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta kà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi nítorí pé mo máa ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Kì í ṣe ìbínú tó ń pariwo. Ó tutù, ó sì létò, ó mọ ibi tí síkúrúdíráfà wà. Mo ṣí ìdérí, mo tú síkúrù, mo fún ẹnu kọ́ńtáàtì pọ̀ títí mítà fi ka mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo dè é, mo dé e, mo fi àkísà nu ibi tí ọwọ́ mi kàn. Mo sì kọ mẹ́rìnléláàádọ́rin sábẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Irú èèyàn wo ló ń hùwà ibi tó tún ń kọ ọ́ sílẹ̀ létòlétò? Èmi ni.

Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi ṣe àwáwí pé n kò mọ̀. Ọkọ̀ náà yóò dára ní tútù, yóò sì kú bí kọ́ìlì bá gbóná. Mo fẹ́ kó kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò nínú, kí Àlàbí jókòó sínú oòrùn, kó bú Fàrúkù, kó sì padà sọ́dọ̀ mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti pọ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tinúadé, olùkọ́ kan ní Ọ̀rà, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Wọn kò lè gbé e sórí ọ̀kadà. Ọkọ̀ Àlàbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò òwúrọ̀ sílẹ̀, ló wà nítòsí, Àlàbí sì gbé e pé kí òun sáré dé ilé ìwòsàn ní Ìlá. Kò tíì dé Òkè-Ìlá tí ọkọ̀ fi kú. Ó da omi sí aṣọ, ó fi wé kọ́ìlì, ó dúró títí ó fi tutù, ọkọ̀ ṣiṣẹ́, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Àlàbí sọ ọ́ lójú mi pé nígbà kẹta, obìnrin náà kò pariwo mọ́, ó kàn ń bi í pé, "Ṣé ó ti tutù? Ṣé ó ti tutù?" Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó ló wá gbé wọn délé ìwòsàn. Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Ọkùnrin ni. Dókítà ní bó bá jẹ́ wákàtí kan ṣáájú ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbọ́. Ǹ bá ti jẹ́wọ́ nígbà náà. Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo ka Bíbélì, ohùn mi kò sì gbọ̀n. Ǹ bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ, alága wa, ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọkọ̀ náà títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ rántí ọjọ́ Ajé yẹn. Gbogbo yín dúró yí Píjò náà ká. Bàbá ní, "Dáníẹ́lì, ìwọ lo ní ẹ̀rọ. Wá wò ó fún wa." Mo so mítà mọ́ kọ́ìlì. Mo ní kí Àlàbí tan ọkọ̀. Mo tẹ̀ba wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tí òun fẹ́ rí. Mo wá gbé ohùn sókè, mo ní, "Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ìwé sọ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta." Ẹ kùn. Ẹnì kan nínú yín ní, "Páálí ìṣáná." Fàrúkù sún mọ́ mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, n kò rò pé ó ti sùn láti ọjọ́ Sátidé. Ó rọra sọ fún mi, bí ọmọ ìyá ṣe ń bá ọmọ ìyá sọ̀rọ̀, pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i." Èyí ni ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀, ibí yìí ni. Ọkùnrin náà gbẹ́kẹ̀ lé mi. Nínú gbogbo ọgbà, èmi ló rò pé n kò lè rẹ́ òun jẹ. Mo tú mítà, mo tún un so, mo wò ó, mo sì tún sọ ọ́ lójú rẹ̀: "Mẹ́rìnléláàádọ́rin." Ó mi orí. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Kò sẹ́lòmíràn tó fọwọ́ kàn án." Ó yọ páálí ìṣáná kúrò lápò, ó fi lélẹ̀ síwájú Bàbá Oyèlẹ́yẹ, ó sì jáde ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Kò padà wá kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Àlàbí fi gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ mi, n kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi jẹ oyin ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo mú ìwé pélébé náà lọ bá Bàbá Oyèlẹ́yẹ. Ó wo nọ́ńbà méjèèjì, ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Dáníẹ́lì, fi í sílẹ̀. Òkú ọ̀rọ̀ ni." Ẹ dárí jì mí, mo bínú sí àgbà. Mo ní, "Bàbá, Fàrúkù kò kú. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn ní Ọ̀rà." Mo wọ ọkọ̀, mo lọ.

Ọ̀dọ̀ Tinúadé ni mo kọ́kọ́ yà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Kò ké. Ó ní, "Bàbá, ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń pàdé ọkùnrin yẹn lọ́jà tí n kò dá a lóhùn. Ó ń kí mi. Gbogbo ìgbà ló ń kí mi. Ta ni yóò dá gbogbo ìkíni yẹn padà fún un?" Mo ní kó jọ̀wọ́, kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí lónìí. Ẹ dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Mo bá Fàrúkù lóko, ó ń ro ẹ̀gẹ́. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ó sì wá ibi ìjókòó fún mi. Mo dúró. Mo sọ ọ́ tán, mo ṣí ìwé náà fún un. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kó má baà fi erùpẹ̀ yí i, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyí: "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìwé yín ńkọ́, mélòó ló pè é?" Mo ní, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó jókòó sórí ebè. Ó ní, "Lọ́dọọdún ni mo ń ṣe sàárà fún ọmọ yẹn. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí." Lẹ́yìn náà ó fún mi ní ìwé mi padà, kò ju ú, kò gbá mi létí bí mo ṣe ń retí. Ó ní, "N kò ní sọ fún yín pé mo ti dárí jì yín. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́."

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó sí àárín yín lónìí. Ìwé pélébé náà wà lórí tábìlì alága. Kí olúkúlùkù dìde wò ó, kí ó tó fi ìrọ̀rùn sọ pé ó ti pẹ́. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ lára pátákó. Bí Fàrúkù bá gbà, ẹ kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ fi pátákó sílẹ̀ ní òfìfo, kí àwọn ọmọ máa bèèrè ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ kọ́ ìwé, ẹ ra ẹ̀rọ tó péye. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ṣe é dáadáa, ẹ sọ pé ó dáa, ẹ sọ ọ́ sókè, kí inú yín má baà kọ́ yín ní iṣẹ́ mìíràn. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Àwọn tó yẹ kí n bẹ̀, mo ti bẹ̀ wọ́n, wọn kò sì tíì dáhùn, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Mo wọn ọkọ̀ Àlàbí kí n tó fọwọ́ kàn án, mo sì rí nọ́ńbà tí Fàrúkù fi í sí. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ẹ bá mi tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, akọ̀wé, kí wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.