Ààyè Ọkọ̀ Mẹ́fà Nínú Ilé Tí Kò Ní Kẹ̀kẹ́

Ẹ má fọwọ́ kàn mí, Bàbá Kékeré! Mo ní ẹ má fọwọ́ kan òòlù yìí, torí mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi lónìí, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bà kó tó balẹ̀! Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Àwọn ayálégbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó ń lu géètì yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lù ú títí ọwọ́ wọn á fi bó. Ẹ̀yin nìkan ni mo ṣí i fún, mo ti fi ṣéènì so ó padà, gbogbo ọkọ̀ wọn wà nínú àgbàlá bàbá mi níbí, kọ́kọ́rọ́ sì wà láyà mi. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bí dáadáa nínú wọn kó fo ògiri wá mú un!

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí mi? Mo mọ̀. Bàtà ni wọ́n jù lù mí láti òkè ilé wọn, bàtà obìnrin, onígìgísẹ̀ gogoro. Mo ti fi pamọ́. Ẹni tó ni ín yóò fi ẹsẹ̀ kan rìn lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ẹ fi áńkáṣíìfù yín sápò, ẹ ṣì máa tó fi nu ojú ara yín.

Ẹ ní kí ni? Òkò àbínújù kì í pẹyẹ? Tèmi pa á o! Ẹ wo gíláàsì iwájú ọkọ̀ ọkùnrin tí mo ń pè ní Onítáì níbẹ̀ yẹn, ó fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí iyọ̀. Ẹ wo iná rẹ̀ méjèèjì, mo yọ ọ́ lójú! Nígbà tó sáré dé, tó fún mi lọ́rùn aṣọ, mo fi eyín dé ìka rẹ̀, ó ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há nírù. Ẹ rí i bó ṣe di ọwọ́ mú níta yẹn? Táì ló fi dì í. Ẹ̀hẹ́n, táì rẹ̀ wúlò lónìí.

Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n sọ ohun tó ṣe fún yín nígbà tí wọ́n sáré lọ pè yín wá bẹ̀ mí? Wọn ò sọ. Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín, ẹni tó pọ̀n yín lọ sílé ìwé nígbà tí òjò ba ọ̀nà jẹ́, jókòó sórí àga rẹ̀ láàárọ̀ yìí ní ààyè ọkọ̀ kẹfà níbẹ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń jókòó. Mo fún un lómi, mo dé e ní fìlà, mo wọlé lọ lọ aṣọ oníbàárà. Mi ò pẹ́ o! Ẹ̀wù àti ṣòkòtò tọkọtaya kan péré ni mo lọ. Mo jáde, mi ò rí bàbá mi mọ́. Ọkọ̀ ni mo rí. Iwájú ọkọ̀ náà ṣì ń gbóná. Onítáì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé bàbá mi tàgatàga bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n lọ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdalẹ̀nù, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ojú rẹ̀ sí ògiri, Bàbá Kékeré! Bí ọmọ tó ṣẹ̀ ní kíláàsì! Oòrùn ń pa á, eṣinṣin ń rìn lẹ́nu rẹ̀, ó ti tọ̀ sára. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ta ló gbé yín síbí?” Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ń sá fún lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá, ó wá ọ̀rọ̀ rí. Ó ní, “Má pariwo, ọmọ mi. Òfin ló ní kí n dìde.”

Òfin! Láti ìgbà wo ni òfin ti ń wọ táì?

Ìgbà yẹn ni mo wọlé lọ gbé òòlù.

Ẹ má wolẹ̀. Èmi lẹ máa wò. Òfin ta ni bàbá mi ń wí? Ṣé òfin Onítáì ni? Òfin yín ni! Ẹ jẹ́ n rán yín létí, torí ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, èmi ni mo sì ń kó gbogbo ohun tí wọ́n ṣu sílé yìí láti ìgbà tí màmá mi ti kú. A ò kọ́ ilé tuntun nígbà yẹn. Àjà kan lásán la fẹ́ gbé lé tìsàlẹ̀ kí àbúrò mi tó fẹ́ gbéyàwó lè ríbi sùn. Ẹ̀yin lẹ wá láti káńsù, tépù lọ́wọ́, bíírò méjì lápò àyà, ẹ ní lójú òfin, ilé tó bá ti ga sí i ti di ilé tuntun, ilé tuntun sì gbọ́dọ̀ ní ààyè ọkọ̀ méjì-méjì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ọgbà rẹ̀, kí ọkọ̀ má baà kún ìta. Ẹ ka bàbá mi, èmi àti àbúrò mi sí ìdílé mẹ́ta, ààyè mẹ́fà. Màmá mi ní, “Ọkọ̀ ta ni?” Láti orí bàbá mi dé orí ọmọ tó kéré jù nínú ilé yìí, ta ló ní kẹ̀kẹ́, ká má tíì sọ ọkọ̀? Ẹ ní òfin kì í béèrè ohun tí èèyàn ní, ohun tó lè ní lọ́la ló ń béèrè. Ẹ na tépù. Ààyè márùn-ún gbà láìfọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá mi. Ẹ̀kẹfà ni kò gbà. Gígùn apá kan ló kù! Apá kan ṣoṣo! Apá tí ọkùnrin yẹn fi gbé yín dàgbà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Ẹlòmíì ì bá bẹ̀bẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó wà níkangun òpópónà bẹ̀bẹ̀, káńsù fojú fò ó. Bàbá mi ní òun ò bẹ̀, kí wọ́n má lọ sọ ní ọ́fíìsì pé àbúrò òun ń ṣe ojúsàájú fún ẹbí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù yìí, èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ó fi wó ṣọ́ọ̀bù tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ayùn, ìfági, bẹ́ǹṣì tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fọ́n sílẹ̀ nínú òjò. Màmá mi ń sunkún, ẹ̀yin dúró lábẹ́ òrùlé, ẹ ń mu omi. Lẹ́yìn tó wó o tán, ó da kọnkéré sí i, ó fi okùn káfíńtà ta ìlà ààyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ìlà náà gún bí ọfà. Ẹ ní òfin fẹ́ àkọlé. Ará ilé mìíràn á fi ọ̀dà kọ ọ́ sára páànù, ó parí. Bàbá mi mú pákó tó dáa jù tó kù nílẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, IBI ÌGBỌ́KỌ̀SÍ, ó sì gbẹ́ òdòdó sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Òdòdó! Ta ló ń gbẹ́ òdòdó sára ohun tó pa á? Àwa nìkan ni. Ìdílé òmùgọ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ kò-kàn-mí.

Àbúrò mi ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ní ìlú yìí ò bá òun lára mu, wọ́n kó lọ kí ọ̀dà àjà òkè tó gbẹ dáadáa. Òkè ṣófo, ààyè mẹ́fà ṣófo. Màmá mi ń sá aṣọ oníbàárà sí ààyè kìíní àti ìkejì, ẹ̀kẹta ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ, àwọn ọmọ àdúgbò ń fò ní ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún kò níṣẹ́. Ẹ̀kẹfà ni bàbá mi gbé àga rẹ̀ sí, gẹ́lẹ́ níbi tí bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló ti ń fá igi tí kò sí. Ẹ ti rí ọwọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí i! Síwá, sẹ́yìn, síwá, sẹ́yìn, lórí itan rẹ̀, títí aṣọ á fi lu.

Lẹ́yìn náà lẹ wá jókòó sí pálọ̀ wa níjọ́sí, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní káńsù ti tún òfin ṣe. Ẹ ní ìwádìí fi hàn pé ààyè ọkọ̀ tí à ń fipá mú àwọn èèyàn dá sílẹ̀ pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ó ń jẹ ilẹ̀ lásán, ó ń sọ ilé di ọ̀wọ́n, nítorí náà ilé tuntun tó bá ti sún mọ́ ibùdókọ̀ kò nílò ẹyọ kan mọ́. Ìwádìí! Ìwádìí wo? Ẹ bá ti bi màmá mi kó tó kú! Aṣọ tó sá sórí kọnkéré yẹn, ìwádìí ni!

Ta ló sọ pé òfin tuntun ò dáa? Ó dáa! Ohun tó ń ya mí ní wèrè nìyẹn! Ká ní ó burú ni, mi ò ní bínú tó báyìí. Ó dáa, òótọ́ ni, òótọ́ tí màmá mi sọ lójú yín pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ ni, ẹ sì ní obìnrin ò mọ̀wé pílánù!

Mo wá ní, “Ọpẹ́ o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá padà.” Ẹ wúkọ́. Ẹ ní ilé tuntun ni òfin tuntun wà fún, ilé tó ti gba ìyọ̀ǹda pẹ̀lú ààyè mẹ́fà gbọ́dọ̀ pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ títí káńsù yóò fi jókòó lé e. Háà! Nígbà tí ẹ fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù, ilé wa di tuntun. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ ọ padà, ilé wa di àlòkù! Ẹ fi ọgbọ́n yẹn fọṣọ fún mi kí n rí i bó ṣe ń mọ́!

Ilé alájà mẹ́rin sì dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò ní ààyè ọkọ̀ kan, òfin gbà á. Onílé ní bọ́ọ̀sì ni gbogbo ayálégbé òun yóò máa wọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kó dé ni ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ! Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí àkọlé bàbá mi tòdòdótòdòdó, wọ́n wọlé. Mo lé wọn, wọ́n ní, “Màmá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?” Iṣẹ́ rere bàbá mi ló pe olè wọlé. Mo sọ fún yín, ẹ ní kí n ní sùúrù. Mo ní in. Sùúrù náà ló gbé bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdọ̀tí.

Ọlọ́pàá ń bọ̀? Kí wọ́n máa bọ̀, ààyè wà fún ọkọ̀ wọn, káńsù ti pèsè rẹ̀!

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Tiwa wọ́, ẹ̀yin àgbà lẹ sì fọwọ́ ara yín wọ́ ọ. Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ ò sí lọ́jà mi. Bí n bá fọ́ gbogbo gíláàsì tó wà nínú àgbàlá yìí tán, bàbá mi á ṣì máa rò pé òfin ló ń lé òun káàkiri ilé òun. Mo ti sọ fún un pé òfin náà ti kú, kò gbà mí gbọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí àbúrò òun sọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbà gbọ́, ẹ wo ìyà!

Nítorí náà, ẹ bọ́ kóòtù yín. Mo ní ẹ bọ́ ọ! Ẹ wá sí ààyè kẹfà. Ẹ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì í ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ gba òòlù yìí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ́ kọnkéré yìí, níbi gẹ́lẹ́ tí tépù yín parí sí. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, ọkọ̀ yín tó wà níta yẹn náà kò ní ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ bi Onítáì.

Ẹ̀hẹ́n. Ẹ bọ́ ọ. Ẹ lọ bá a.

Ẹ sọ ọ́ sókè, etí rẹ̀ ti wúwo! “Òfin ti tán, ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹ tún un sọ. Ẹkún kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ sun, ọ̀rọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ sọ! Ó ń wò yín. Ó ń gbọ́.

Ẹ gba òòlù. Ó wúwo, àbí? Bíírò kọ́ o! Ẹ gbé e sókè! Ẹ là á mọ́lẹ̀!

Áà, èwo nìyẹn? Ilẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ kan òun. Ẹ tún…

Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ ná! Bàbá ń sọ̀rọ̀. Kí lẹ wí, Bàbá?

Yéè! Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní, “Fa ọwọ́ ẹ sẹ́yìn, ìwọ ọmọ yìí, ìdí ọ̀pá la ń dì mú!” Há-há-há! Ó bú yín! Bàbá mi bú yín bó ṣe ń bú ọmọṣẹ́! Ó ti dìde, ẹ wò ó, ó dìde láìsí òfin tó ní kó dìde! Háà, orí mi o… Kí lẹ tún ń wò, Bàbá Kékeré? Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí ni? Ẹ fa ọwọ́ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì lù ú!